Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìwé Wa Di Pàǹtí

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ oníṣẹ́ ìròyìn sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín nítorí àwọn tí kò ráàyè wá.)

   

Nígbà tí akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín á ti máa retí ìṣèlú, nítorí pé oníròyìn ni mí. Ìṣèlú ti tó wa, jàre. Ohun tí mo fẹ́ sọ kéré lójú, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà ilé ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ nípa ìwé ni: bí a ṣe ń fi ọwọ́ di ìwé kó má baà tú, àti bí a ṣe lè fi bébà àlòkù, páálí àti àjákù ankárá ṣe é láì náwó rẹpẹtẹ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

ÒWÚ TÓ JÁ

Iṣẹ́ mi ń gbé mi dé ilé ìwé púpọ̀. Ní ọ́fíìsì tí ó pọ̀ jù nínú wọn, ẹ óò bá kọ́bọ́ọ̀dù kan ní igun, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé dáadáa. Inú rẹ̀ ni rẹ́jísítà àtètèkọ́ṣe wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí, wọ́n fi okùn so ó bí ìdì igi. Eruku bò ó, aáyán ń gbé inú rẹ̀.

Ní ilé ìwé kan tí n kò ní dárúkọ, bàbá kan wá béèrè ẹ̀rí pé òun kàwé níbẹ̀, nítorí pé àwọn tó fẹ́ san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fẹ́ mọ ọdún tó wọlé àti ọdún tó jáde. Akọ̀wé wá rẹ́jísítà náà títí ó fi rí i. Ó ṣí i dé ibi tí nọ́ńbà bàbá yìí yẹ kó wà. Ewé náà kò sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó jí i, kò sẹ́ni tó fi iná sun ún. Òwú tó so ó mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló já, ewé náà sì bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bóyá wọ́n gbá a mọ́ ilẹ̀, bóyá wọ́n fi pọ́n ẹ̀pà, ta ló mọ̀? Ewé kan péré ni, ṣùgbọ́n bàbá náà ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń wá ẹlẹ́rìí tó ṣì wà láàyè.

Ẹ wò ó bí nǹkan náà ṣe kéré tó: òwú tí kò gùn tó apá méjì, abẹ́rẹ́ kan, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Òun ni kò sí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé, “Ṣebí fóònù ti dé, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, ó parí.” Òótọ́ ni, kí wọ́n yà á, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n fóònù ń bọ́ sómi, kọ̀ǹpútà ń kú, ẹni tó mọ pásíwọ́ọ̀dù a sì gba tíránsífà lọ sí ìlú mìíràn. Ìwé tí a rán dáadáa kò béèrè iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì, kò béèrè dátà. Kí àwọn méjèèjì wà, kí ọ̀kan máa ti èkejì lẹ́yìn.

Ẹ̀YÌN NI Ẹ̀MÍ ÌWÉ WÀ

Ìwé pín sí oríṣi méjì, ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ ìyàtọ̀ wọn nígbà tí a bá ń rà á.

Oríṣi kìn-ín-ní ni èyí tí a rán. Wọ́n á ṣẹ́ bébà bíi mẹ́rin sí méjì, wọ́n á ki wọn bọ inú ara wọn. Ìdìpọ̀ kékeré kan nìyẹn, ojú ewé mẹ́rìndínlógún ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n á to irú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀ léra, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gba ojú ìṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, òwú kan náà á so gbogbo wọn pọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó fi lẹ́ẹ̀ sí i lẹ́yìn, tí wọ́n á gbé páálí líle lé e. Bí ẹ bá ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì, ó máa ń là pẹrẹsẹ, kì í tiraka láti pa dé.

Oríṣi kejì ni èyí tí wọ́n kàn lẹ̀. Wọ́n á gé ẹ̀yìn gbogbo bébà náà dọ́gba, wọ́n á da gọ́ọ̀mù gbígbóná lé e, wọ́n á fi páálí fẹ́lẹ́ bò ó. Ó yá, ó pọ́ọ́kú, ó sì dára lójú. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó so ewé mọ́ ewé yàtọ̀ sí gọ́ọ̀mù. Bí ó bá ti pẹ́ nínú ooru tiwa yìí, gọ́ọ̀mù á gbẹ, á sì sán. Ẹ rántí àwọn tẹ́ksìbúùkù tí a rà nígbà tá a wà ní kíláàsì, tó jẹ́ pé kí táàmù kejì tó parí, orí kìn-ín-ní ti di ti Táyé, orí kejì ti di ti Kẹ́hìndé. A máa ń dá ọmọ lẹ́bi pé kò mọ ìwé tọ́jú. Ká má parọ́, nígbà mìíràn, bí wọ́n ṣe ṣe ìwé náà ni kò dára.

Ẹni tó bá gba poli jáde bíi tèmi mọ àwọn báíńdà tó wà lẹ́nu géètì. Kò sí bí próójẹ́ẹ̀tì rẹ ṣe lè dára tó, bí kò bá tíì wọ páálí líle, tí wọ́n fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ rẹ sí i lára, ẹ̀ka tí o wà kò ní gbà á. Ní Ṣómólú ní Èkó, iṣẹ́ ìtẹ̀wé àti ìwé dídì ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń jẹun. Nítorí náà, iṣẹ́ náà kò tíì kú láàárín wa. Ohun tó ń kú ni èyí tí a fi ọwọ́ rán, nítorí pé gọ́ọ̀mù yá ju abẹ́rẹ́ lọ.

ÀLÒKÙ KÌ Í ṢE ÌTÌJÚ

Bí mo bá ní kí a fi àlòkù ṣe ìwé, ẹlòmíràn á rò pé òṣì ló sọ̀rọ̀ dà bẹ́ẹ̀. Rárá o. Láti ọjọ́ tí bébà ti dáyé ni àlòkù ti wà nínú rẹ̀. Ìtàn ilẹ̀ Ṣáínà sọ pé ní ọdún 105, òṣìṣẹ́ ààfin kan tó ń jẹ́ Cai Lun gbé bébà lọ síwájú ọba. Èèpo igi ló fi ṣe é, pẹ̀lú àkísà àti àwọ̀n ẹja tó ti gbó.

Ẹ jẹ́ ká wá sí Áfíríkà tiwa. Ní ọdún 1945, nítòsí ìlú Nag Hammadi ní Íjíbítì, wọ́n hú ìkòkò kan jáde nínú ilẹ̀. Ìwé aláwọ mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀, àwọn kan nínú ìwé tó pẹ́ jù lọ tí a ṣì ní báyìí tó ní èèpo, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ẹni tó rí wọn sọ pé ìyá òun ti fi díẹ̀ nínú ewé wọn dáná kó tó di pé wọ́n mọ ohun tí ó jẹ́. Ibi tó yà mí lẹ́nu nìyí: àwọn tó di ìwé wọ̀nyí fẹ́ kí awọ tó bò wọ́n le, ni wọ́n bá kó bébà àlòkù ìgbà ayé wọn, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ewéko papírọ́ọ̀sì ṣe, wọ́n lẹ̀ ẹ́ léra wọn sínú awọ náà. Ìwé àdéhùn àti lẹ́tà àtijọ́ wà lára wọn. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé tú inú èèpo ọ̀kan, wọ́n rí ọdún tí a kọ sára àwọn pàǹtí yẹn: 341, 346 àti 348. Ohun tí wọ́n fi mọ ìgbà tí wọ́n di ìwé náà nìyẹn. Pàǹtí ló wá di ẹlẹ́rìí.

Ní ìhà tiwa níbí náà, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà wa ń pe bébà ní tákàdá, wọ́n ń pe ohun tí a fi ń kọ̀wé ní tàdáwà. Ọ̀nà òkè ọya ni àwọn ọ̀rọ̀ yẹn gbà wọlé tọ̀ wá, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ìwé àwọn àlùfáà wọ̀nyí ni wọn kì í rán rárá. Ewé rẹ̀ máa ń dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á tò ó, wọ́n á fi awọ wé e bí ẹni wé ẹrù, wọ́n á sì fi okùn awọ dì í. Bẹ́ẹ̀ ni awọ ewúrẹ́ pupa ti Kánò àti Sókótó, tí àwọn oníṣòwò ràkúnmí gbé gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, dé ọwọ́ àwọn tó ń di ìwé ní Yúróòpù. Nítorí pé ọ̀nà Mòrókò ni wọ́n ti ń rí i rà, awọ Mòrókò ni wọ́n sọ ọ́. Awọ ẹran tiwa wà lára àwọn ìwé olówó iyebíye ní ilẹ̀ wọn, orúkọ ẹlòmíràn ló ń jẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé iṣẹ́ ìwé dídì jẹ́ iṣẹ́ àjèjì sí wa.

BÉBÀ TÍ A Ń DÀ NÙ

Ilé iṣẹ́ bébà mẹ́ta ni ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ nígbà tí owó epo ṣì ń dún. Ti Jẹ́bà bẹ̀rẹ̀ ní 1969, bébà páálí àti ti àpò ni tirẹ̀. Ti Oku Iboku bẹ̀rẹ̀ ní 1986, bébà ìwé ìròyìn ni wọ́n ń retí níbẹ̀. Ti Ìwopin ní ìpínlẹ̀ Ògùn, bébà ìkọ̀wé ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wá ṣe tó bí a ti lérò. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú bébà tí ọmọ wa ń kọ nǹkan sí ti ń wá, owó ilẹ̀ òkèèrè ni a sì fi ń rà á. Nígbà tí dọ́là bá fò sókè, ìwé ìkọ̀wé á fò tẹ̀ lé e.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí à ń sọ nù ní ilé ìwé kan ṣoṣo lópin ọdún. Ìwé ìkọ̀wé tí ọmọ lò dé ìdajì. Bébà ìdánwò tí ojú kan ṣoṣo ní ọ̀rọ̀. Páálí ìwé, páálí ìpápánu, kàlẹ́ńdà olóṣèlú tí ọdún rẹ̀ ti lọ, àpò sìmẹ́ǹtì oníbébà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ ti gbàgbé pé kàlẹ́ńdà ni a fi ń bo ìwé wa? Ojú fọ́tò nínú, ojú funfun níta. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ń kọ́lé ló ń rí bébà sìmẹ́ǹtì lò, a sì máa ń fi pọ́n ara wa lé. A mọ̀ ọ́n ṣe nígbà náà, owó ló jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọmọ ọdún méjìlá ṣe lè fi bébà tí ojú kan ti ní ọ̀rọ̀ ṣe ìwé ìkọ̀wé tuntun. Ọgbọ́n àwọn ará Ṣáínà àti Jàpáàn ni, ó sì bá wa mu.

Ẹ mú bébà ogójì, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tókọ́pì. Ẹ ṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì kí ojú tó ní ọ̀rọ̀ wà nínú, kí ojú funfun wà níta. Ẹ tò wọ́n léra, kí ojú ìṣẹ́ gbogbo wọn wà ní ibi tí ọwọ́ fi ń ṣí ìwé, kí etí méjèèjì tó là wà ní ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ti bọ́ sínú àpò, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ogójì bébà ti di ọgọ́rin ojú ewé funfun.

Ẹ gé páálí méjì bí ìwé náà ṣe tóbi, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Ẹ fi rúlà wọn ìwọ̀n ínṣì ààbọ̀ kan láti etí ẹ̀yìn, kí ẹ sì sàmì sí ibi mẹ́rin. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá tí àwọn tó ń tún bàtà ṣe ń lò lu àmì náà já. Kí ẹ wá òwú tó gùn tó ìlọ́po márùn-ún gíga ìwé, kí ẹ fi àbẹ́là fà á lára kó lè yọ̀, kó má sì lọ́. Ẹ gba ihò kan bọ́ sí òdìkejì, ẹ yí òwú náà ká ẹ̀yìn ìwé, kí ẹ tún gba ihò kan náà. Ẹ kọjá sí ihò tó kàn, kí ẹ ṣe bákan náà títí dé orí àti ìdí ìwé. Tí òwú bá padà dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ta á ní kókó. Ó parí. Kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀ rárá.

Ti rẹ́jísítà tó já ní sùúrù nínú ju èyí lọ. Ẹ ó kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku rẹ̀. Ẹ ó kọ nọ́ńbà ewé kọ̀ọ̀kan sí igun rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù, kí wọ́n má baà dà rú. Ẹ ó gé òwú àtijọ́, ẹ ó sì tú àwọn ìdìpọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ojú ìṣẹ́ rẹ̀ ti já, ẹ ó fi bébà fẹ́lẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ ewé méjèèjì mọ́ra padà. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó tún un rán, òwú á máa gba ara ọ̀já aṣọ òwú mẹ́ta tó dábùú ẹ̀yìn ìwé. Bébà àpò sìmẹ́ǹtì ni ẹ ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn náà, nítorí pé okun tó wà nínú rẹ̀ gùn, kì í tètè ya. Ẹ gbọn sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ dànù níta, kí ẹ bo imú, kí ẹ sì lo ewé tó wà láàárín, tí sìmẹ́ǹtì kò kàn. Páálí méjì tí a lẹ̀ pọ̀ á di èèpo líle. Àjákù ankárá láti ọ̀dọ̀ télọ̀ á bò ó. Ẹ fi bíríkì tí a fi bébà wé tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó má baà ká.

Ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀ ńkọ́? Kò sí èyí tó dà bí ṣítáàṣì ẹ̀gẹ́. Ẹ pò ó pọ̀ pẹ̀lú omi tútù, ìwọ̀n ṣíbí kan sí omi ṣíbí márùn-ún, kí ẹ sì rò ó lórí iná títí á fi máa dán. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ń ya ara aṣọ kò jìnnà sí i. Ìdí tí mo fi yàn án ju gọ́ọ̀mù ìgò lọ ni pé omi lè tú u. Bí ọmọ tó gbọ́n jù wá lọ bá dé lẹ́yìn 50 ọdún, tó sì fẹ́ tún iṣẹ́ wa ṣe, kò ní ba ìwé jẹ́ kó tó lè tú u. Ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn ṣítáàṣì, nítorí náà, ibi tó gbẹ, tó mọ́, tó sì ga kúrò nílẹ̀ fún ikán ni ìwé náà gbọ́dọ̀ wà.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe láéláé: ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé tó ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ á gbẹ, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù rẹ̀ á wọnú bébà, á sì pọ́n bí ìpẹtà. Kò ní ṣeé fọ̀ kúrò.

Bébà tí kò ṣeé kọ nǹkan sí mọ́ náà ní ìwúlò. Ẹ ya á wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, kí ẹ gún un lódó títí á fi rí bí ògì. Ẹ dà á sínú báàfù omi, kí ẹ fi férémù tí a kan nẹ́ẹ̀tì fèrèsé mọ́ gbé e sókè, bí ẹni ń sẹ́ nǹkan. Omi á jò, ohun tó kù lójú nẹ́ẹ̀tì ni bébà tuntun. Ẹ dojú rẹ̀ dé orí aṣọ, ẹ tẹ omi inú rẹ̀ jáde, kí ẹ sá a. Ó dára fún káàdì ọdún, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti èèpo ìwé. Ẹ má retí pé á lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ o. Gbogbo ìgbà tí a bá gún bébà ni okun inú rẹ̀ ń kúrú sí i. Àwọn onímọ̀ sọ pé lẹ́yìn bí ìgbà márùn-ún sí méje, kò ní lè di ara rẹ̀ mú mọ́.

KÍ A TÓ GÚN UN, KÍ A KÀ Á

Níbí yìí ni ọkàn ọ̀rọ̀ mi wà, nítorí pé ọgbọ́n àtúnlò lè di jàǹbá tí a kò bá ní òye. Ẹni tó bá gba odó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń gún.

Ní nǹkan bí 70 ọdún sẹ́yìn, òpìtàn Kenneth Dike, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, lọ káàkiri ọ́fíìsì ìjọba láti wo bí ìwé àtijọ́ ṣe wà. Ìròyìn tó kọ jáde ní 1954, ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ọ́fíìsì sílẹ̀ fún títọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí. Òun ló di ilé ìpamọ́ ìwé tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn títí di òní. Ọ̀pọ̀ ìtàn ìlú wa tí a ń kà lónìí, inú àwọn fáìlì ibẹ̀ ni wọ́n ti wá a jáde. Lójú akọ̀wé tó kọ ọ́ nígbà ayé rẹ̀, iṣẹ́ òòjọ́ lásán ni.

Ẹ wo Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, tó sì dáwọ́ dúró ní 1867. Òun ni bàbá gbogbo iṣẹ́ tí èmi ń ṣe. Ká ní gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n fi pọ́n àkàrà, kí ni àwa ìbá mọ̀ nípa rẹ̀ yàtọ̀ sí orúkọ? Àwọn kan ló tọ́jú rẹ̀.

Bébà fúnra rẹ̀ tún ní ọ̀tá inú ilé. Láti nǹkan bí ọdún 1850 síwájú ni wọ́n ti ń fi igi ṣe bébà lọ́pọ̀ yanturu, tí wọ́n sì ń fi álọ́ọ̀mù àti oje igi sí i. Ásíìdì tó ń jáde nínú rẹ̀ ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìròyìn fi ń pọ́n, tó ń fọ́ bí ewé gbígbẹ. Nítorí náà, ẹ má fi ìwé ìròyìn tàbí páálí lásán fara kan rẹ́jísítà tí ẹ fẹ́ kó pẹ́. Ẹ fi bébà funfun tó dára sí àárín wọn.

Tí wọ́n bá fẹ́ palẹ̀ ọ́fíìsì mọ́, apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ni kí wọ́n gbé kalẹ̀. Èyí tó ní orúkọ ènìyàn, ọjọ́ tàbí ìpinnu ìpàdé nínú, apẹ̀rẹ̀ kìn-ín-ní, kí wọ́n rán an. Èyí tí ojú kan rẹ̀ funfun, tí kò ní àṣírí ẹnikẹ́ni, apẹ̀rẹ̀ kejì, kí wọ́n fi ṣe ìwé ìkọ̀wé. Ìyókù, apẹ̀rẹ̀ kẹta, kí wọ́n gún un. Bí ojú kò bá dá ẹnì kan, kó bi àgbà tó mọ̀ kó tó jù ú sódó.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ BÁ MI ṢE

Alága wa, mo mọ̀ pé sẹ́tì kọ̀ọ̀kan ń wá ohun tó máa fi ta ilé ìwé lọ́rẹ. Sáínbọ́ọ̀dù dára, géètì náà dára. Ṣùgbọ́n mo bẹ ẹgbẹ́ yìí pé kí ẹ̀bùn tó ń bọ̀ jẹ́ tábìlì ìwé dídì kan. Káfíńtà àdúgbò lè fi pákó méjì àti bọ́ọ̀tù gígùn méjì ṣe ohun tí a fi ń fún ìwé mọ́ra. Abẹ́rẹ́, òwú, rúlà irin, búrọ́ọ̀ṣì àti àbẹ́là kì í ṣe ohun tó ń pa ẹgbẹ́ lówó. Kí a wá báíńdà àgbà kan tó ṣì mọ ìwé rán, kí a máa san owó ọkọ̀ fún un lọ́sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kó máa kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn báíńdà yìí ń dàgbà lọ, wọn ò sì rí ọmọ iṣẹ́. Ọmọ tó bá kọ́ ọ kò ní pàdánù, nítorí pé ilé ẹjọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ọ́fíìsì, gbogbo wọn ló ní ìwé tó ń já.

Kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tábìlì náà jẹ́ rẹ́jísítà ilé ìwé wa fúnra rẹ̀. Ọ̀gá àgbà, mo tọrọ àyè lọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì yan olùkọ́ kan tí á máa dúró tì wọ́n, nítorí pé ohun ìní ìjọba ni, kò gbọdọ̀ jáde nínú ọgbà. Kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo ewé kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin náà tí ẹ jókòó, ẹ wo inú àpótí yín nílé. Ìwé ìròyìn ilé ìwé, fọ́tò ìjáde, ìwé ètò ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn, lẹ́tà tí pírínsípà kọ sí bàbá yín pé ẹ fo fẹ́ǹsì. Ẹ kó o wá, jọ̀ọ́. Kò sí ẹni tó máa bi yín léèrè fẹ́ǹsì mọ́. Àwọn olùkọ́ wa tó ṣì wà láàyè lè bá wa dárúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò. Iṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ tètè ṣe ni, nítorí pé bí a ṣe ń kóra jọ lọ́dọọdún, iye àwọn tó lè dárúkọ yẹn ń dín kù. Ẹ wo àga iwájú yìí, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Yorùbá ní a kì í ti ojú ogun wẹ́fọ́n. Bàbá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, ọjọ́ tó nílò ewé rẹ̀ kọ́ ló yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá òwú. Ní ilé ìwé tiwa yìí, ewé tó ní orúkọ wa nínú lè ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rán an kí ọjọ́ tí a máa nílò rẹ̀ tó dé.